Ìsọ̀rí Keje

Fọ́ọ̀mù náà kò kọ́kọ́ bá mi jà.
Ó gba orúkọ mi láìjanpata:
Senga. Ẹ kà á láti ẹ̀yìn, Agnes ni, ìyá ìyá mi.
Ó gba ọjọ́ orí mi, ọdún mẹ́rìnlélógójì,
ó gba àdírẹ́sì, ó gba nọ́ńbà tẹlifóònù.
Ìsọ̀rí keje ló ti dúró, tó tẹjú mọ́ mi:
ta ló mọ̀ ọ́?
Kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ẹbí.
Olùkọ́ ni kó jẹ́, tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́,
ẹni tó lè sọ bóyá orí rẹ gba ìwé.

Àwọn ẹja Peterhead mọ̀ mí.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń la ikùn wọn,
tí òórùn wọn ń bá mi wọ bọ́ọ̀sì,
tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀díẹ̀
bí ẹni pé ìjókòó ló gbóná.
Ṣùgbọ́n ẹja ò mọ̀wé kọ.

Mo wá Mísì Strachan lọ, tó kọ́ mi ní ìṣirò,
tó sọ fún mi rí pé, "Senga, má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣòfò."
Ilé-ìwé ti di ilé gbígbé. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ń rọ̀ lórí okùn
níbi tí pátákó ìkọ̀wé wà tẹ́lẹ̀.
Ọkùnrin kan yọrí lójú fèrèsé: "Strachan?
Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ka òkúta mẹ́rin lápá òsì."
Mo ka mẹ́rin. Òjò ti ń jẹ orúkọ náà díẹ̀díẹ̀.
Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú tipiri.
N kò mọ bí a ṣe ń sọ fún òkú
pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi pẹ́ dé.

Ó wá ku Dod Buchan, fóómánì wa,
Dod tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju "Kúrò lọ́nà" lọ,
tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ kọ̀ǹpútà
bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo gbé fọ́ọ̀mù náà káàkiri lábẹ́ épírọ́ọ̀nù.
Lọ́jọ́ kẹrin mo fà á yọ nígbà tí a ń mu tíì.
Ó kà á. Ó tún un kà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Nọ́ọ̀sì?"
"Nọ́ọ̀sì ni."
"O fẹ́ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpè wọ̀nyí?"
Ó ká a, ó kì í bọ àpò, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá.
Mo ń bú ara mi nídìí omi dídì:
ìwọ náà ló gbé ojú fún ẹni tó fata sẹ́nu
pé kó bá ọ fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì ó ju ẹ̀dà rẹ̀ sí mi lọ́wọ́,
ìwé kan ṣoṣo, tó ní àmì àtàǹpàkò, ọ̀rá ẹja.
Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo kà á.

"Ẹ jọ̀wọ́, n kì í kọ̀wé. Ìyàwó mi ló tún sípẹ́lì ṣe.
Ní ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀ẹ̀mejì ló pẹ́;
ìkejì, ó ń wa yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà arúgbó kan.
Ọjọ́ tí ẹ̀rọ gé ìka Vytas, ọmọ Lithuania,
gbogbo wa ń pariwo, èmi gan-an bì.
Òun ló fi aṣọ dì í, òun ló fi ìka náà sínú yìnyín,
ó ń bi ọmọ náà ní orúkọ ajá rẹ̀
kó má bàa wo ọwọ́ ara rẹ̀.
Ìka náà ń ṣiṣẹ́ dòní.
Ẹ ní bóyá orí rẹ̀ gba ìwé. N kò mọ̀.
Bó bá jẹ́ èmi ló dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yín lóru,
òun ni kó wá tan iná."

N kò tíì gbọ́ èsì láti Aberdeen.
Hádọ́ọ̀kì la ń là lónìí, wọ́n pọ̀, ọ̀bẹ ti ń ku.
Dod kọjá lẹ́yìn mi, ó ní, "Kúrò lọ́nà."
Mo kúrò.