Iṣẹ́ Ta Nìyí?

Wọ́n kó ẹrẹ̀ dé Táńkè nínú ọ̀rá aláwọ̀ eérú,
wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára bí ẹni kọ ọ́ sára ẹlẹ́wọ̀n.
Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni.
Èmi tí mo ń fọ̀ ọ́ nínú ajọ̀, n kò rí òkun rí:
odò Àsà ni omi tó tóbi jù tí mo mọ̀,
ìyẹn náà, bí ọ̀dá bá dá, ewúrẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn ín kọjá.

Ohun tó kù nínú ajọ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ gaàrí ọmọdé lọ.
Mo gbé e sábẹ́ awò,
mo fi itọ́ pa búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta lẹ́nu,
hà, ìlẹ̀kẹ̀!

Foraminífẹ́rà ni wọ́n ń jẹ́.
Dókítà Jọláyẹmí, ará Òmù-Àrán, ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni arùhò.
Ẹ̀dá tí kò lójú, tí kò lẹ́nu,
tó fi ẹfun inú omi kọ́lé.
Yàrá kún, ó kọ́ òmíràn mọ́ ọn,
bí agbo ilé wa l'Ókèlélé:
ìyàwó dé, wọ́n fa ògiri; ọmọ pọ̀, wọ́n fa ògiri.
Ó kú tán, ilé rẹ̀ rọra ń já bọ̀ nínú òkùnkùn,
kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Mo ń ṣà wọ́n sínú àpótí olójúlé ọgọ́ta.
Èyí léfòó, nítòsí oòrùn ló gbé.
Èyí pẹlẹbẹ, inú ẹrẹ̀ tí èémí ò ti tó ló ti jẹun.
Èyí ká sọ́tùn-ún: omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ láyé tirẹ̀.
Èyí ká sósì: òtútù mú òkun nígbà náà,
òtútù tí ọyẹ́ Ìlọrin ò tó ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀,
kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé tí yóò kí ẹnì kejì pé ẹ kú òtútù.
Mo dé ibi tí n ò rí ẹyọ kan, ẹrẹ̀ pupa lásán.
Dókítà ní ibẹ̀ jìn, omi ibẹ̀ ń jẹ ẹfun bí ahọ́n ṣe ń jẹ iyọ̀.
Àìrí náà, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo sín.
Ẹyọ kan fò. Mo wá a lórí tábìlì, mo wá a lára híjáàbù mi.
Ó ti lo mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún kó tó dé Táńkè, eruku gbé e.
N ò sọ fún ẹnì kankan.

Yahayá, bàbá bàbá mi, lántànà ló lù jẹun.
Òkúta pupa, irin ṣóńṣó, omi díẹ̀;
ihò kan, ọjọ́ kan.
Ojú rẹ̀ ti lọ kí n tó gbọ́n.
Bí wọ́n bá kó ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ wá,
á fi èékánná tọ́ ẹnu ihò náà wò, á ní:
"Ti ilé Sàdíkù nìyí. Ọlọ́wọ́ òsì ló lù ú."

Lálẹ́ àná wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo tún wojú awò.
Ẹyọ kan wà lójúlé kẹtàlélógójì,
ihò kan ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀,
róbótó, etí rẹ̀ ń dán:
ẹlòmíràn ló lù ú láti jẹ ẹ́.
Èékánná mi nípọn jù, n bá tọ́ ọ wò.

Òjò ń rọ̀ sórí páànù,
ó ń wá Àsà lọ, Àsà ń wá Ọya, Ọya ń wá òkun.
Mo kọ sínú ìwé:
ó ká sósì.
Ẹni tó lù ú: n kò tíì mọ̀.