Kọ́kọ́rọ́ Àjà Kẹta

Ní títì Kennard, níbi tí odò ti yí ìbàdí,
bíríkì pupa ló dúró, àjà mẹ́ta, fèrèsé mọ́kànlá.
Ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe fèrèsé:
ọ̀dà ni wọ́n fi yà á sára ògiri
kí ojú ilé má bàa fọ́ lápá kan.
1889 ni wọ́n gbẹ́ sókè ẹnu ọ̀nà.
Thaddeus Orcutt ló sun bíríkì náà,
iye tó ń tà á fún àlejò ló tà á fún ẹgbẹ́ ara rẹ̀.
Ọ̀rẹ́ lọ̀rẹ́ ń jẹ́, owó lowó ń jẹ́.

Ẹgbẹ́ Àtùpà Mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ́.
Nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ìṣó àti okùn;
lẹ́yìn náà, bàtà; lẹ́yìn náà, sinimá.
Ṣùgbọ́n lókè, ní alẹ́ Ìṣẹ́gun,
wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a so aṣọ funfun mọ́dìí,
káfíńtà, oníbáǹkì, agẹrun,
wọn a máa pe ara wọn ní arákùnrin
títí aago mẹ́wàá.
Bó bá di àárọ̀ Ọjọ́rú
oníbáǹkì ò ní í mọ káfíńtà mọ́.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn.
Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918
wọ́n kó àga kúrò, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́kàndínlógójì.
Opó Orcutt jẹ owó ẹgbẹ́ títí ó fi kú:
dọ́là mẹ́rin lóṣù, àti èédú nígbà òtútù.

Owó opó yìí gan-an ni bàbá àgbà mi wá wá,
Ondrej Hudák, ará Sìlófákíà, awakùsà,
tó mọ iye ọkùnrin tí ihò ń gbé mì lọ́dún.
Wọ́n gbé àpótí ìbò jáde.
Funfun, ó wọlé. Dúdú kan ṣoṣo, ó parí.
Wọ́n ka funfun mẹ́tàlélógún.
Lẹ́yìn náà, dúdú.
Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbá yàrá
tí wọn ò jẹ́ kó jókòó sí.

Òun ló rí i nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àga olórí:
pósí tẹ́ẹ́rẹ́, egungun ènìyàn nínú rẹ̀,
èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun
pé wò ó, bí ìwọ náà yóò ṣe rí rèé.
Kò sọ fún ẹnì kan. Ó wá àkísà,
ó nu eruku kúrò ní ìhà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Gbogbo Sátidé. Ó sọ ọ́ ní Ján,
orúkọ àbúrò rẹ̀ tí wọn ò rí òkú rẹ̀ gbé jáde.
Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, àbí?
Ta wá ni awo nínú ilé yìí?

Odò kún lẹ́ẹ̀mejì. Sinimá kógbá sílé.
Àwọn arákùnrin ń lọ, títí ó fi ku Wendell Askew,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
tó ń nìkan ṣèpàdé: ó dábàá,
ó ti àbá náà lẹ́yìn, ó dìbò, ó kọ ọ́ sínú ìwé.
Lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì ló ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́.
“Ondrej nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tan iná.”

Mo ṣí àpótí. Funfun pé.
Dúdú ku ọ̀kan, ojú ihò rẹ̀ ṣófo.
Mo mọ̀ ọ́n: àpò ẹ̀wù bàbá àgbà ló ń gbé,
mo ń yí i lórí àtẹ̀gùn wa,
mo sì jù ú sódò lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án
kí n lè mọ̀ bóyá yóò léfòó.
Kò léfòó.

Lọ́la, àwọn tó fẹ́ sọ ibí di fúláàtì ń bọ̀.
Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Eruku ti bo Ján.
Mo bọ́ ìborùn mi,
mo bẹ̀rẹ̀ láti orí.