Fọ́ọ̀mù Kejì

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò gùn. Ìlà mẹ́rin péré.
"Ó dùn wá," wọ́n ní, bí ẹni wá kí wa kú ọ̀fọ̀.
Bàbá mi kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀,
ó tún bi mí ní ohun tó ti ń bi mí láti èṣí:
"Iṣẹ́ ọwọ́ wo gan-an lo fẹ́ tìtorí rẹ̀ gba oyè kejì?
Ṣé yunifásítì ni àwọn tó ń hun aṣọ n'Íjẹ̀bú lọ?"

N kò rí èsì fọ̀.
Mo ti kọ ojú ìwé méjì ránṣẹ́ sí àwọn àjèjì,
n kò ní gbólóhùn kan fún bàbá mi.

Lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣágámù,
yàrá kan wà tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò.
Ibẹ̀ ni mo ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fún oṣù méje.
Ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún mi.
Ọ̀gá Òṣíbògún fún mi ní ìwé pélébé kan:
"Máa kọ wákàtí rẹ síbẹ̀, wọn yóò béèrè.
Ṣùgbọ́n bí wákàtí nìkan lo bá rí kọ,
aago ara ògiri yìí ti gba àyè náà mọ́ ọ lọ́wọ́."

Ìyá Odùnúgà ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ kan,
ẹ̀gbà ti mú apá ọ̀tún.
Ọdún méjìlélógójì ló fi di obì gbánja ní Sábó.
A fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kó máa fún un.
Ó jù ú nù.
Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá gbé abọ́ kan kalẹ̀:
omi, àti obì tí a kò tíì bó nínú rẹ̀.
Màmá wò ó. Ó wò ó títí.
Àtàǹpàkò rẹ̀ rántí kí òun fúnra rẹ̀ tó rántí.
Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún, obì kan.
Ó na òmíràn sí mi, ó jágbe mọ́ mi:
"Kòkòrò ti wọ èyí, o ò rí i?
Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ yín?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fa àròkọ mi ya,
èyí tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Láti kékeré
ni mo ti fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́."
(Ọ̀gá ti fi bírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
*Olè náà ń ran olè lọ́wọ́.*)
Mo kọ obì. Mo kọ ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún.
Ìṣirò tó gbé mi ṣánlẹ̀ ní ọdún kejì,
mo ti padà lọ jókòó fún un, mo yege;
mo kọ ìyẹn náà, n kò fi bò.
Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ nọ́ńbà mi tí kò mọ ojú mi,
mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀.
Ẹni tó rí mi níbi tí mo ti ń nu omi obì nílẹ̀
ni mo bẹ̀ pé kó jẹ́rìí mi.

Lánàá, ní káfé kan ní Ìṣàlẹ̀ Ọ̀kọ̀,
iná lọ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.
Mo dúró de jẹnẹrétọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo délé, bàbá mi tún béèrè.
Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un:
"Ẹ wọ̀ ọ́. Ọwọ́ òsì nìkan. Ẹ de bọ́tìnnì."
Ó rẹ́rìn-ín ní ti àkọ́kọ́.
Ó dákẹ́ ní ti ẹ̀kẹta.
Òógùn bọ́ nímú rẹ̀ ní ti ẹ̀kẹrin, ó gbójú sókè wò mí,
mo sì ká ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn,
n kò ràn án lọ́wọ́.