Òṣó Lábẹ́ Síǹkì

Ọjọ́ kẹta rèé tí abẹ́ síǹkì mi ń sunkún.
Kì í ṣe ẹkún ńlá. Tó. O ó kà dé mẹ́fà. Tó.
Mo gbé abọ́ tí mo fi ń rẹ ẹ̀wà sí i nídìí,
kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kún.

Ẹ̀rọ tuntun ni. Ibíjọkẹ́ ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun,
ọrùn rẹ̀ gùn bí ọrùn lékeléke,
họ́ọ̀sì rẹ̀ kò ní nọ́ọ̀tì, kò fẹ́ sípánà:
"Ẹ kàn tì í wọlé, Màámi, yóò dún kà, ó parí."
Ó dún kà lóòótọ́.
Kò parí.

Ráfíù dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí,
ó wé téèpù funfun mọ́ ọn bí ẹni ń wé ọgbẹ́,
ó gba ìdajì owó, ó ní òun ń bọ̀ wá gba ìyókù.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, téèpù tutù, abọ́ kún.
Mo ní: ìyókù wo?

Aago méjì òru, Òkèsà dákẹ́, ajá pàápàá ti sùn.
Mo tan iná fóònù, mo ká ìró sókè,
mo lóṣòó.
Orúnkún mi dún kà ju họ́ọ̀sì lọ.

Ọmọ-ọmọ Fápohùndà ni mí, ẹ má gbàgbé,
òṣómàáló tó ru aṣọ dé Ìkirun, dé Ọ̀fà,
tó tà á láwìn, tó padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
òṣó ni màá ló títí owó mi yóò fi pé.
Oòrùn a pa á, òjò a pa á, àwọn ọmọdé a fi í ṣẹ̀fẹ̀.
Kò ní na ẹsẹ̀.
Omi, ìwọ náà jẹ mí.
Jẹ́ kí n rí ibi tí ò ń gbà lọ.

Mo ti fáàfù pa, mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ kí agbára inú rẹ̀ rọ̀.
Mo já téèpù Ráfíù dànù;
ohun tí a kò lọ́, kí ni téèpù ń wá lára rẹ̀?
Mo fi èékánná méjì tẹ òrùka ẹnu rẹ̀ wọnú,
mo fa họ́ọ̀sì, ó kọ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́ kó dọ́gba,
ó jáde wọ́ọ́rọ́ bí eyín ọmọ ọdún méje.

Níbẹ̀ ni mo ti rí i:
rọ́bà róbótó kan, kò tó òrùka ìka ọmọ ọwọ́,
hóró yanrìn kan jókòó tì í.
Yanrìn kànga wa ni, pupa rúsúrúsú, mo mọ̀ ọ́n.
Ó ti gun táǹkì, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti rin gbogbo ilé
kó tó wá fi ibí ṣe ìjókòó.

Mo fi etí ìró nù ún. Mo fẹ́ fi fasilíìnì pa á,
mo rántí pé fasilíìnì a máa jẹ rọ́bà.
Omi lásán ni mo fi rin ín.
Mo tì í, kì í ṣe títì ojú ayé,
mo tì í títí ó fi kan ògiri nínú. Kà.
Mo fà á sẹ́yìn wò. Kò tẹ̀lé mi.
Mo ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀,
mo tẹ́ ìwé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì èṣí sábẹ́ rẹ̀.
Aago mẹ́ta, ìwé gbẹ.
Orúkọ àwọn tó dáwó ṣì ṣeé kà ketekete,
tèmi kò sí níbẹ̀.

Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá Àgbà dìde láìgbowó.
Opó kan ní Ọ̀fà ni, kò ní kọ́bọ̀,
ó bu omi fún un nínú igbá, ó kúnlẹ̀.
Bàbá mu ún, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó lọ.
Kò sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nì kankan.

Ilẹ̀ mọ́. Mo ṣílẹ̀kùn láti da omi abọ́ nù.
Ráfíù rèé, ọmọ Ẹdẹ, kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà rárá,
ó ti lóṣòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri.
"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ìyókù mi."
Mo bu omi fún un láti ẹ̀rọ tí kò jò mọ́.
Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó mu ún tán,
ó gbé ife sílẹ̀.
Kò dìde.
Mo lọ mú pọ́ọ̀sì mi.