Ewé Tí Ìdin Bù Jẹ

Tíṣà Fápọ̀hùndà ní kí n já ewé tòmátì méjì wá
lẹ́yìn kíláàsì wa ní Ìsọkùn, n'Íléṣà:
ọ̀kan tó pé,
ọ̀kan tí ìdin ti bù jẹ létí.
Ó sè wọ́n nínú sípíríìtì títí àwọ̀ fi bọ́ lára wọn.
Ó kán áyódìn sí wọn.

Èyí tó pé ṣú bíi sánmà tó fẹ́ rọ̀jò.
Oúnjẹ wà nínú àká rẹ̀.
Èyí tí a bù jẹ kàn pọ́n ni,
bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà Ìbòdì.

Mo ní, "Ìdin ò jẹ kọjá etí.
Ta ló wá kó ìyókù?"
Tíṣà ní, "Òun fúnra rẹ̀ ni."

Ó ní ewé ń gba èémí tí àwa mí síta,
ó ń yọ èédú inú rẹ̀,
èédú tí kì í kun ni lọ́wọ́,
ó ń fi oòrùn sè é di ṣúgà.
Níbẹ̀ ni ẹ̀ka ti ń ná, níbẹ̀ ni òdòdó ti ń ná,
èyí tó bá ṣẹ́kù a wọ àká.
Ṣùgbọ́n bí eyín bá ti kàn án,
oje kan á gbéra lójú ọgbẹ́,
ońṣẹ́ tí kò lẹ́sẹ̀,
á máa kan ilẹ̀kùn kiri inú iṣan:
Ẹ má dàgbà mọ́. Ẹ ṣí àká.
Ẹ fi ṣúgà po oró.

Lọ́dún tí olè fọ́ ilé wa ní Òkè-Ẹ̀sọ̀,
rédíò ni wọ́n gbé, àti bàtà màmá mi, ẹsẹ̀ kan.
Owó páànù yàrá kejì wà lábẹ́ ẹní,
wọn ò rí i.
Bàbá mi ló rí i.
Ó fi ra irin. Ó tún fi ra irin.
Wẹ́dà jó o mọ́ fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́rin
títí ilé fi hu eyín.
Olè ò padà wá.
Tẹ̀tẹ̀ ló hù níbi tí bẹ́ẹ̀dì mi ìbá wà,
mo sì bínú sí bàbá mi, n ò sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ áyódìn yẹn
mo na ọwọ́ kan irin fèrèsé.
Ó tutù.
Páànù wa nìyí, mo sọ nínú mi.
Páànù wa ni mo dì mú yìí.

Bàbá mi ké láti inú yàrá:
"Ṣé o ti tì í?"
Mo ní mo ti tì í.