Mo Fi Àyè Sílẹ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́,
dígí kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ga tó ènìyàn.
Iwájú rẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi ti ń bá ara wọn jà.
"Ìyá Ìkẹ́, ẹ bá mi fi aṣọ bo ikùn yìí."
"Apá mi rí bí odó, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó hàn."
"Ẹ wo ìdí, bí àpò gàrí!"
A ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà á dá sí i,
abẹ́rẹ́ lẹ́nu mi.
Ọmọ mi á wà lábẹ́ tábìlì,
á máa ṣa àjákù aṣọ.
Mo rò pé àjákù nìkan ló ń ṣà.

Ìkẹ́olúwa ni mo sọ ọ́.
Ẹnu mi kan náà ló tún sọ ọ́ di Ọ̀rọ̀bọ̀.
Eré ni. Ìfẹ́ ni.
Àbúrò mi ti Ọ̀ndó dé nígbà Kérésì, ó gbè é,
àwọn ọmọ kíláàsì gbè é,
fóònù náà gbè é lóru,
ó ń fi àwọn ọmọge hàn án
tí ìbàdí wọn tín-ín-rín bíi ti agbọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.
Ní táàmù kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dín yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.
Ìgbà kìíní, mo ní gíga ló ń ga.
Ìgbà kejì, inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí:
mo ní, "Ẹ wo ṣépù ọmọ mi!"
Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.
Ìgbà kẹta, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń kan ìka mi níkọ̀ọ̀kan
bíi bọ́tìnnì tí wọ́n rán mọ́ inú aṣọ.

Eèrà ló tú àṣírí.
Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn máṣìnnì àtijọ́.
Iyán ìjẹta, iyán àná, nínú ọ̀rá,
òkèlè tó bù tí kò gbé mì.
Mo kígbe. Mo ní ta ló ń ṣe ọ́?
Ó ní, "Màámi, ẹ wo dígí."
Mo wò ó: eegun ni mo rí.
Ó wò ó: àpò gàrí ló rí.

Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.
Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

A ń lọ ọsibítù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.
Nọ́ọ̀sì Akíngbàsọ ń bá a sọ̀rọ̀, kì í pariwo.
Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe àfojúdi, kì í ṣe ọwọ́ ayé.
Lọ́jọ́ mìíràn ó jẹ ìlàjì.
Lọ́jọ́ mìíràn a jọ jókòó ti ọbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi dì.

Ẹni tó bá bú ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí,
mo máa ń ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń gbọ́."

Lánàá mo gé aṣọ aláwọ̀ ewé fún un,
mi ò fi téèpù kàn án.
Mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó tó ìka mẹ́ta,
mo ká a sínú níbi tí ojú ò tó.
Ìgbàkigbà tí ara rẹ̀ bá padà dé,
a ó tú òwú,
aṣọ á gbà á.