Dúdú Ìdí Ìkòkò

Èmi ni mo ba ìbọn náà jẹ́.
Mo ti Kabba dé lọ́jọ́ Ẹtì, mo ra bírásò agolo kékeré,
mo jókòó sẹ́yìnkùlé Bàbá Médùpin ní Ejuku,
mo fi àkísà nu ọ̀pá ṣakabùlà rẹ̀
títí mo fi rí imú ara mi nínú rẹ̀, gígùn bí imú ìmàdò.
Mo rò pé ẹ̀bùn ni.

Ó ti oko dé, ó wò ó.
Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.
Ó ní, "Ọ̀kun o, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.
O ti sọ ìbọn di dígí.
Ta ló fẹ́ wojú nínú igbó?"

Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi, bí ẹni ń ka gbèsè:
nínú ọyẹ́ èṣí, lábẹ́ òkè Ponyan,
ó lúgọ de èsúró kan láti ìdájí.
Afẹ́fẹ́ dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fọhùn,
eèsún bò ó dé ọrùn.
Oòrùn ṣàdédé yọrí lẹ́yìn àpáta,
ó fi ìka kan ṣoṣo kan aago ọwọ́ rẹ̀,
aago tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Kàdúná.
Ìmọ́lẹ̀ kan, kò ju hóró àgbàdo lọ,
fò lọ sára ìrókò, ó ń gbọ̀n.
Èsúró kò tilẹ̀ sáré. Kò kàn sí níbẹ̀ mọ́.
"Aago náà ń rìn dáadáa," ó ní.
"Ó sọ àsìkò tí ẹran mi lọ fún mi."

Lálẹ́ a tún ìbọn ṣe.
Kò lo ọ̀dà; ó ní òórùn ọ̀dà a máa ṣáájú ọdẹ dé.
Òrí díẹ̀ ni, tó ti yọ́,
àti ìkòkò amọ̀ kan tó gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà,
tí ẹnikẹ́ni kì í fi se nǹkan mọ́.
Ó dojú rẹ̀ dé, ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀.
Dúdú náà nípọn bí èèpo igi.
"Ti Ìbítọ̀mí ni," ó ní. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ọdún mẹ́fà rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti kú;
iná rẹ̀ ṣì kù nídìí ìkòkò.

A fi pa ọ̀pá ìbọn, a fi pa irin bẹ́líìtì,
a fi pa agolo ẹ̀tù,
àti àdá tó ń ṣẹ́jú sí àtùpà.
Mo fi pa bọ́tìnnì ṣòkòtò mi lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo bọ́ awò ojú mi. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ padà,
kí n má baà lọ yìnbọn pa ewúrẹ́ Mejabi,
kí n ṣá fa etí fìlà bò ó.
Ó fọwọ́ pa orí pípá tirẹ̀,
ó rẹ́rìn-ín, òun náà dé fìlà.

Ó wá na ọwọ́ òsì sí mi.
Òrùka. Góòlù tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti jẹ wọnú ẹran ìka.
Mo ní, "Ẹ bọ́ ọ sílé."
Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ ìka.
"Kùn ún."
Mo fi dúdú ìkòkò Ìbítọ̀mí kun òrùka Ìbítọ̀mí
títí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ̀
pé ọkùnrin yìí láya rí.

Ìdájí. Etí odò Oyi. Ìkùukùu.
Àwa méjèèjì dúdú bí kùkùté tí iná jó.
Ìgalà kan wá mumi.
Ó gbórí sókè, ó wo ibi tí a wà,
ó wò wá gan-an, kò rí ẹnì kankan.
N kò tíì di aláìsí tó bẹ́ẹ̀ rí.
Ìbọn dún.

Lọ́sàn-án, kó tó fọwọ́ kan ẹran, kó tó bomi mu,
Bàbá gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó bu eérú,
ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná,
ó ń fọ òrùka.
Ìbọn fara ti ògiri, dúdú; kò sẹ́ni tó bi í.
Ó nawọ́ sínú oòrùn kó wò ó.
Ìmọ́lẹ̀ kan, kò ju hóró àgbàdo lọ,
fò lọ sára ògiri ìdáná, ó ń gbọ̀n,
Bàbá sì jẹ́ kó máa gbọ̀n.